Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ipa Ìjọba àti Aládàáni nínú Ètò Ìrìnnà Ìgboro, láti Ọ̀nà Ekenwan dé Èkó

Àṣamọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí ìjọba àti àwọn aládàáni ṣe ń pín iṣẹ́ ìrìnnà ìgboro láàárín ara wọn, láti ìgbà tí alárù ń ru ẹrù láti Ughoton wọ ìlú Bìní títí di ìgbà tí èrò ń fi fóònù pe ọkọ̀. Ọ̀nà Ekenwan ní ìlú Bìní ni a fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Èkó ni a fi ṣe àfiwé. Ìbéèrè mẹ́ta ni a tẹ̀ lé: ta ló ń la ọ̀nà, ta ló ń wa ọkọ̀, ta sì ni àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun tí a rí ni pé ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ẹni tó ń la ọ̀nà padà, ṣùgbọ́n ó máa ń yí ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni agbára sì wà. A dá àbá pé kí àwọn olùkọ́ni kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa kọ ìtàn ọ̀nà àdúgbò wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àdéhùn ìrìnnà wà ní èdè tí awakọ̀ àti èrò gbọ́.

Kókó-ọ̀rọ̀: ìrìnnà ìgboro, ìjọba, aládàáni, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀nà Ekenwan, Èkó

Ìfáárà

Ọ̀nà Ekenwan, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ ní Ekehuan, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tó jáde láti àárín ìlú Bìní sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀ka kan lára Yunifásítì ìlú Bìní wà lójú ọ̀nà yìí. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀ àti ilé gbígbé kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ènìyàn bá tọ̀ ọ́ jáde nílùú, ìhà odò ló kọjú sí, níbi tí Ughoton, èbúté àtijọ́ ti Ọba Bìní, àti Gelegele wà. Nígbà òjò, àgbàrá a máa gba ojú títì, owó ọkọ̀ a sì gbéra sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pín sí ilé ìwé kan ní ìpẹ̀kun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí kò bá rí ọkọ̀ wọ̀, kíláàsì kò ní olùkọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìrìnnà kì í ṣe ti àwọn íńjíníà nìkan. Ó kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìrìnnà lónìí, áàpù, káàdì àti reluwé oníná ni ọkàn wọn máa ń lọ sí, bí ẹni pé àná ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Ọkọ̀ òkun jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú irin, ọ̀dà àti lọ́rì. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, aláṣẹ àti oníṣòwò ní láti fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ṣe èwo. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni bí ọwọ́ méjèèjì ṣe di ẹrù náà mú, àti orí ẹni tí wọ́n gbé e lé.

Ìdí méjì ni a fi mú Èkó ṣe àfiwé. Èkíní, okùn ìtàn so ìlú méjèèjì pọ̀: ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé láti inú èdè Ẹ̀dó, níbi tí eko ti túmọ̀ sí àgọ́ ogun, ni orúkọ Èkó ti wá. Èkejì, Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí wò ní Nàìjíríà, tí àṣeyọrí àti àṣìṣe wọn sì hàn sí gbogbo ayé.

Ọ̀nà Ughoton: àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ ààfin

Láàárín ọdún 1480 sí 1490 ni àwọn ará Potogí dé ìlú Bìní, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò ní Ughoton. Ata, eyín erin, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ wà lára ọjà tí wọ́n ń rà. Orí àti èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù láàárín èbúté àti ìlú. Àlejò kò lè wọ ọjà kó máa nájà bó ṣe wù ú. Àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ Iwebo ní ààfin, tí Uwangue jẹ́ olórí wọn, ni Ọba fi ọ̀rọ̀ òwò àwọn òyìnbó lé lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n ń bá àlejò dá iye owó ọjà kí káràkátà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlú náà ní ọ̀nà tó yẹ ní wíwò. Nínú ìwé kan tí Pieter de Marees tẹ̀ jáde ní 1602, ará Họ́láǹdì kan tó ti rí Bìní sọ pé òpópónà tí òun gbà wọlé fẹ̀ tó ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ òpópónà Warmoes ní ìlú Amsterdam. Yàrà tí àwọn ará Ẹ̀dó ń pè ní iya yí ìlú ká. Ẹnu ibodè ni a sì ń gbà wọlé.

Bí a bá bi ìbéèrè mẹ́ta wa, ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Ààfin ló ni ọ̀nà àti ibodè. Àlejò ló ni ọkọ̀ òkun. Ìṣirò ọjà àti òfin ìnájà wà lọ́wọ́ ààfin. Irinṣẹ́ tó lágbára jù lọ nígbà náà, ìyẹn ọkọ̀ òkun, kò sí lọ́wọ́ Ọba, síbẹ̀ Ọba kò di ẹrú irinṣẹ́ náà, nítorí pé òun ló mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. A kò sọ èyí láti fi ìgbà àtijọ́ yangàn. Ènìyàn pẹ̀lú wà lára ohun tí wọ́n tà lójú ọ̀nà yẹn, kò sì sí ẹni tó bi alárù léèrè bóyá ẹrù náà wúwo. Ẹ̀kọ́ tí a mú níbẹ̀ kò ju pé ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè dúnàá dúrà.

Àkókò yẹn wá sí òpin. Ní March 1892, Gallwey gba Ughoton wá sí ìlú Bìní pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó fi òwò sábẹ́ agbára Gẹ̀ẹ́sì. Ní January 1897, Phillips àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gba ìhà kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ wọn sí. Ní February ọdún náà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú Bìní, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Láti ìgbà náà, ìjọba àjèjì ló ń pàṣẹ lórí ọ̀nà.

Ìgbà amúnisìn: ìjọba la ọ̀nà, aládàáni wa ọkọ̀

Ìjọba amúnisìn fẹ́ràn ojú irin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902, reluwé kékeré oníná èédú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ìgboro Èkó. Ó parí iṣẹ́ ní 1933. Ìjọba ló kọ́ ọ, ìjọba ló wà á. Ojú irin kò gba ìlú Bìní kọjá. Nítorí náà, títì ọkọ̀ ni ìlú Bìní gbára lé ju Èkó lọ.

Ta ló la àwọn ọ̀nà náà? Nínú ìwé, ìjọba ni. Ní ti òótọ́, ọwọ́ àwọn ará ìlú ló là wọ́n. Òfin ọdún 1903 nípa ọ̀nà àti odò ní Gúúsù Nàìjíríà fún àwọn ìjòyè ní àṣẹ láti pe àwọn ènìyàn wọn jáde láti ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Bí a bá ń ka ìtàn tí ó sọ pé ìjọba la ọ̀nà kan, ó yẹ kí a rántí àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ìjọba gbìyànjú ọkọ̀ mọ́tò pẹ̀lú. Ní 1906, ọkọ̀ ìjọba ń rìn láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí oníṣòwò fi gba ojú pópó. W. A. Dawodu ní Èkó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ mọ́tò ṣòwò. Ní ìlú Bìní, iléeṣẹ́ Armels gbajúmọ̀ fún kíkó èrò àti lẹ́tà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olówó bólèkájà, tí wọ́n kan pákó sí ẹ̀yìn lọ́rì, tí wọ́n sì ń kó èrò àti iṣu pọ̀. Iye èrò, owó ọkọ̀ àti ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ wà ní orí awakọ̀. Àkọsílẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ aláṣẹ, ó sì ti bọ́ sínú àpò kọ̀ndọ́.

Ìgbà tí ìjọba fẹ́ wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ohun tí gbogbo ìlú nílò kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní 1958, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Zarpas, oníṣòwò ará Gíríìkì, ó sì sọ ọ́ di Lagos Municipal Transport Service. Nígbà tí wọ́n dá Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀ ní 1963, ìlú Bìní di olú ìlú rẹ̀. Nígbà ìjọba Samuel Ogbemudia, láti 1967 sí 1975, ọkọ̀ Mid-West Line gbòde. Nígbà tí ìpínlẹ̀ di Bendel, ó di Bendel Line. Lẹ́yìn tí wọ́n pín Bendel sí Ẹ̀dó àti Delta ní 1991, a rí Edo Line àti Delta Line. Orúkọ ọkọ̀ ń tẹ̀ lé orúkọ ìpínlẹ̀. Ó jẹ́ àmì pé ọkọ̀ náà jẹ́ ti gbogbo wa.

Ìdí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń rọ kò ṣòro láti rí. Ìjọba ń dá owó ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ kí inú ìlú lè dùn. Òkè òkun ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń wá. Nígbà tí iye náírà já lẹ́yìn 1986, ẹ̀yà ọkọ̀ wọ́n gógó. Bọ́ọ̀sì tó bá rọ a di èyí tí wọ́n ń tú láti fi tún òmíràn ṣe. Ètò ńlá pẹ̀lú kò rí ìrànlọ́wọ́. Ní 1983, ìjọba Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ètò reluwé ìgboro Èkó. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Ó gbà tó ọdún méjìdínlógójì kí reluwé ìgboro tó tún gbé èrò níbẹ̀.

Ẹni tí ọkọ̀ ìjọba kò gbé, dánfó àti mólúè gbé e. Ibi tí dánfó kò lè wọ̀, alùpùpù wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí a sọ ọ́ níbí pé ìlú Bìní ló fún gbogbo Nàìjíríà ní orúkọ tí a ń pe alùpùpù akérò. Okada Air, iléeṣẹ́ bàálù aládàáni ti Gabriel Igbinedion, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Bìní, gba orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó. Àwọn ará ìlú, tí wọ́n rí bí alùpùpù ṣe ń sáré la àárín ọkọ̀ kọjá, fi orúkọ bàálù náà pè é. Bàálù ti lọ, orúkọ kù.

Ìgbà àdéhùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, ìrònú tuntun wọlé: kí ìjọba má wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n kó má fi ojú pópó sílẹ̀. Ní 2002, ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá àjọ LAMATA sílẹ̀. Ní 17 March 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Mile 12 dé CMS, ìwọ̀n kìlómítà 22. Ìjọba ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀, ó sì kọ́ ibùdókọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dá sílẹ̀ wà lára àwọn tó wa ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n ń wa dánfó lánàá ni a pè sídìí tábìlì. Lójú tiwa, èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ètò náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Níbẹ̀, iléeṣẹ́ aládàáni gba ẹ̀tọ́ láti tún ọ̀nà náà ṣe, kó sì gba owó oníbodè fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà ní December 2011, àwọn olùgbé fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tó yá, ìjọba ìpínlẹ̀ ra ẹ̀tọ́ náà padà. Àdéhùn náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹni tí yóò máa san owó tó mọ̀ pé òun yóò san án.

Ìlú Bìní gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní 1998, iléeṣẹ́ aládàáni God is Good Motors bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìrìn àjò lásán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé títa tíkẹ́ẹ̀tì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà ìjọba Adams Oshiomhole, láti 2008 sí 2016, bọ́ọ̀sì ìgboro tí àwọn ará ìlú ń pè ní Comrade Bus gbòde. Ní 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú Bìní. Ohun tó fà á kò pamọ́: jàǹbá àti ìwà ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ sì wà ní àdúgbò tí bọ́ọ̀sì kò wọ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ rìn dé ojú títì.

Fóònù, káàdì àti àkọsílẹ̀

Uber dé Èkó ní 2014. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ alùpùpù bíi Gokada, MAX àti ORide fi áàpù kún ọ̀kadà. Ní 1 February 2020, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti òpópónà, àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí pẹ̀lú sì kàgbákò. Owó tí olùdókòwò fi sílẹ̀, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti àṣíborí kò gbà wọ́n là, torí pé kò sí àdéhùn tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ètò ìlú.

Lọ́wọ́ kejì, LAMATA mú káàdì Cowry wá, tí orúkọ rẹ̀ rán wa létí owó ẹyọ. Káàdì kan náà ni èrò fi ń wọ BRT àti reluwé oníná Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 4 September 2023 láti Marina dé Mile 2, ìwọ̀n kìlómítà 13. Ní gbogbo ìgbà tí èrò bá fi káàdì kan ẹnu ọ̀nà, ibi tó ti wọlé àti àkókò tó wọlé di àkọsílẹ̀. Ohun tó ti wà ní orí awakọ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún padà sínú ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín áàpù àti Cowry ni pé ti áàpù wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ti Cowry wà níbi tí ìjọba ti lè lò ó láti pinnu ibi tí bọ́ọ̀sì kò tó.

Ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó, ìpìlẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Facebook àti MainOne bá ìjọba ṣiṣẹ́ láti ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ní Ẹ̀dó àti Ògùn. EdoGIS ń tọ́jú àwòrán ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Àwa olùkọ́ pẹ̀lú ti rí irú àjọṣe yìí ní ilé ìwé: ètò EdoBEST, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, mú ìjọba àti iléeṣẹ́ aládàáni pọ̀ láti fi ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà ńlá láti Bìní dé Asaba pẹ̀lú, ìwọ̀n kìlómítà 125, wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ gbé fún aládàáni láti tún kọ́ kí wọ́n sì máa gba owó oníbodè. Ìbéèrè Lekki yóò wá sílé wa: ta ló ti ka àdéhùn náà?

Ìbéèrè náà kò le tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí epo ṣì pọ́ọ́kú. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ epo ní 29 May 2023, owó ọkọ̀ ti di ẹrù tó wúwo lórí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bákan náà.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Èkíní, àwọn iṣẹ́ kan wà tí aládàáni kò ní ṣe tí a kò bá san án fún un. Kò sí onímọ́tò tí yóò gbẹ́ gọ́tà fún ọ̀nà Ekenwan, nítorí pé ẹni tí kò san kọ́bọ̀ yóò jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Áàpù kò lè fa àgbàrá. Ìjọba tó bá ń retí pé ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò rọ́pò gọ́tà ń fi ọ̀la tan ara rẹ̀ jẹ.

Èkejì, àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìjọba kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mid-West Line àti àwọn àrọ́pò rẹ̀ fi hàn pé ríra bọ́ọ̀sì rọrùn ju títọ́jú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé oúnjẹ òun ọ̀la wà nínú ọkọ̀ ni yóò yí epo ẹ́ńjìnnì padà lónìí.

Ẹ̀kẹta, ètò tó lé awakọ̀ jáde láìfún un ní ibòmíràn láti jókòó kì í yanjú ọ̀rọ̀. Ó kàn ń sún un lọ sí ẹ̀yìn ilé ni. Ètò tó pè é wọlé, bíi ti 2008, ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, àkọsílẹ̀ ni ọ̀pá àṣẹ. Ààfin mọ èyí ní Ughoton. Ìjọba tó bá gba iléeṣẹ́ láàyè láti wa ọkọ̀ láì gba àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ta ibodè.

Àbá

A dá àwọn àbá wọ̀nyí fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni:

1. Kí ẹ̀ka Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Àwùjọ máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ojú ọ̀nà kan ní àdúgbò wọn láti ka ọkọ̀, kí wọ́n kọ owó ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀rùn àti ìgbà òjò, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn awakọ̀ àgbà lẹ́nu wò. Bí àwọn àgbà yìí bá kọjá lọ, ìwé kan kò sí tí a ó ti rí ohun tí wọ́n mọ̀.

2. Kí ẹ̀ka èdè bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ kókó àdéhùn ìrìnnà sí Ẹ̀dó, Yorùbá, Ìgbò àti èdè mìíràn tí a ń sọ ní garéèjì. Awakọ̀ tó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tí kò yé e kò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

3. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ gba àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà mọ́ra fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọkọ̀ oníná. Bí a kò bá ní ẹni tó lè tún un ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ìjọba yóò tún ṣẹlẹ̀.

4. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ fẹnu kò lórí owó ọkọ̀ àti àkókò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni, kí àdéhùn kékeré yìí sì jẹ́ àpẹẹrẹ fún èyí tó tóbi.

Ìgúnlẹ̀

Láti ibodè Ughoton dé káàdì Cowry, a rí i pé ìjọba nìkan kò lè gbé ìlú rìn, aládàáni nìkan kò sì lè ṣe é. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan mọ iye ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ àti ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ láti bi ìbéèrè mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà yóò lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ekenwan lọ́jọ́ òjò, kó sì mọ ẹni tó yẹ kó lọ bá fún gọ́tà, ẹni tó yẹ kó lọ bá fún ọkọ̀, àti ẹni tó yẹ kó bi léèrè ìwé.